Pell Grant kan, ilé ẹ̀kọ́ méjì: ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Houston

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ló ń gbé ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas. Yunifásítì ìjọba ló ń lọ, ó ti wọ ọdún kejì, nọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ ṣe. Green card wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ bíi ti ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. A yọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kúrò, a sì kó ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ jọ sórí ẹnìkan kí àlàyé má bàa fọ́n ká. Òfin àti iye Pell Grant (owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ilé wọn kò pọ̀, tí kì í ṣe ẹ̀yáwó) tó wà níbí jẹ́ ti ọdún ẹ̀kọ́ 2025–26. Owó tí ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì gbà jẹ́ èyí tí a fi ṣe ìṣirò. Ti ibi tí ẹ̀yin ń lọ lè jù bẹ́ẹ̀, ó sì lè dín.

Oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún sẹ̀mẹ́sítà tó máa wọlé ní 25 oṣù kẹjọ. Microbiology, kọ́ọ̀sì kírẹ́dìtì mẹ́rin tó ní láàbù nínú, ti kún fọ́fọ́ ní yunifásítì. Kò sì lè fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, torí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọ̀ kì í wo fọ́ọ̀mù ẹni tí kò bá tíì ṣe é tán. Community college kan, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, wà tí kò jìnnà sílé wọn, àyè sì ṣì wà níbẹ̀. Kọ́ọ̀sì kan náà ni, nọ́ńbà kan náà ló ń jẹ́, BIOL 2420, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Texas ló wà nínú ètò nọ́ńbà àjùmọ̀lò fún àwọn kọ́ọ̀sì ọdún àkọ́kọ́ àti ọdún kejì. Owó rẹ̀ náà ò tó ti yunifásítì.

Ohun tó wá sí i lọ́kàn ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn: kó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kó fi kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kún orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí FAFSA rẹ̀ (fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀), kí owó máa wá láti ibi méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló ń san án

Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ gba Pell Grant ní ilé ẹ̀kọ́ méjì fún àsìkò kan náà. Kò sí àlàyé tó lè yí i padà, bó ti wù kí owó náà kéré tó. FAFSA gbà kéèyàn kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó tó ogún sórí fọ́ọ̀mù kan, èyí ló sì ń tan àwọn ọmọ jẹ. Orúkọ tí ẹ kọ síbẹ̀ kàn ń jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ náà rí ìwé yín ni, kò sọ pé ẹ máa gba owó níbẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì rí FAFSA rẹ̀, ó rí i pé ó forúkọ sílẹ̀ fún kírẹ́dìtì méje, kọ̀ǹpútà wọn sì gbé Pell kalẹ̀ fún un lórí pọ́tà. Ó tẹ "Accept". Kì í ṣe pé ó fẹ́ gba owó ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń sanwó kíláàsì ibẹ̀ nìyẹn ni. Ohun tó jẹ́ kí èyí lè ṣẹlẹ̀ rárá ni pé, nígbà tó ń kọ fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé lórí ApplyTexas, ó yan pé òun ń bọ̀ wá gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, dípò "transient", ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe kọ́ọ̀sì fún ìgbà díẹ̀ tó máa kó kírẹ́dìtì rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ transient kò lẹ́tọ̀ọ́ sí Pell ní ilé ẹ̀kọ́ tó yà sí, torí kò gba oyè kankan níbẹ̀.

COD, ẹ̀rọ ìjọba tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń fi àkọsílẹ̀ owó ránṣẹ́ sí, ló máa ń tú irú àṣírí yìí. Tí ilé ẹ̀kọ́ méjì bá kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ránṣẹ́ fún Pell lásìkò kan náà, ìkìlọ̀ á jáde sí àwọn méjèèjì, wọn á sì bára wọn sọ̀rọ̀ títí ọ̀kan á fi yọwọ́. Tí owó bá ti jáde kí wọ́n tó rí i, gbèsè ló dà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá san án padà tàbí kó bá wọn ṣe ètò bó ṣe máa san án, gbogbo owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ á dúró fún un níbikíbi tó bá wà. Tirẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ó fi ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì pé kí wọ́n fagi lé e, ó ní kí àwọn tó ń gba èèyàn wọlé yí òun sí transient, ó sì yọ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kúrò lórí FAFSA.

Ìyá rẹ̀ ti kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì náà lórí fóònù. Wọn ò dá a lóhùn ju pé "ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ pè" lọ. Àrífín kọ́. FERPA, òfin tó dáàbò bo ìwé akẹ́kọ̀ọ́, ti fi ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ ọmọ látìgbà tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, bí àwọn òbí tilẹ̀ ni ó ń sanwó. Ẹ̀yin òbí tó bá fẹ́ máa bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ ní kí ọmọ lọ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ lórí pọ́tà rẹ̀ ṣáájú.

Ohun tó máa pàdánù tí kò bá ṣe ìwé kankan

Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024–25 ni ìjọba ti ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún wọn Pell sí kírẹ́dìtì. Kírẹ́dìtì 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 100%. Kírẹ́dìtì 11 jẹ́ 92%, 10 jẹ́ 83%, 9 jẹ́ 75%, 7 jẹ́ 58%, 6 jẹ́ 50%, ó sì ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé kírẹ́dìtì kan tó jẹ́ 8%. Iye tó ga jù ní 2025–26 ni $7,395 fún ọdún kan, ọmọ yìí sì lẹ́tọ̀ọ́ sí gbogbo rẹ̀ nítorí owó tó ń wọlé fún àwọn òbí rẹ̀ kò pọ̀. Ìdajì rẹ̀ ni ti sẹ̀mẹ́sítà kan, bíi $3,697.

Kírẹ́dìtì mẹ́fà ló rí ṣe ní yunifásítì. Kírẹ́dìtì méje ló fẹ́ ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13, èyí tó ju ti akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò-kíkún lọ. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí ìwé láàárín ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì, mẹ́fà péré ni yunifásítì rí. Ìdajì Pell ni wọ́n máa san, bíi $1,849 fún sẹ̀mẹ́sítà náà. Ìyókù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $1,850, á kàn ṣòfò, kírẹ́dìtì méje tó ń fi òru ṣe níbòmíràn kò sì ní kà fún nǹkankan nínú owó.

Ti ẹ̀yáwó ìjọba yàtọ̀ díẹ̀. Ohun tí Direct Loan ń béèrè ni pé kéèyàn tó ìdajì àkókò, ìyẹn kírẹ́dìtì mẹ́fà, ó sì ti ní ìyẹn ní yunifásítì nìkan. Ká ní márùn-ún ló ní níbẹ̀ ni, ẹ̀yáwó náà ì bá já. Ẹni tó bá ń ka èyí fún ọdún 2026–27 síwájú, kó mọ̀ pé òfin tuntun tó jáde ní oṣù keje 2025 ní kí ilé ẹ̀kọ́ máa dín iye ẹ̀yáwó ọdún kan kù fún ẹni tí kò bá kún àkókò, bẹ̀rẹ̀ láti 1 oṣù keje 2026. Nítorí náà kírẹ́dìtì tí ilé ẹ̀kọ́ kò bá rí yóò tún máa gé ẹ̀yáwó pẹ̀lú Pell.

Ìwé consortium

Ìwé tó ń so kírẹ́dìtì ilé ẹ̀kọ́ méjì pọ̀ ni wọ́n ń pè ní consortium agreement. Nínú rẹ̀, yunifásítì tó máa fún un ní oyè gbà láti ka kírẹ́dìtì kọ́lẹ́ẹ̀jì bí ẹni pé tirẹ̀ ni, kó san owó lórí àpapọ̀ rẹ̀, kó sì máa ṣọ́ bí ọmọ náà ṣe ń ṣe sí nínú ẹ̀kọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì sì gbà pé òun kò ní san owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ kankan fún un. Ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba àpapọ̀ fún láṣẹ láti pín owó ìrànwọ́. Kò sófin tó fi dandan lé e pé kí yunifásítì fọwọ́ sí i o. Àwọn kan kì í fọwọ́ sí i tí kọ́ọ̀sì náà bá wà lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn kan kì í gbà á fún ẹni tí kò bá ní kírẹ́dìtì mélòó kan lọ́dọ̀ wọn ní sẹ̀mẹ́sítà kan náà. Ẹ béèrè kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn. Tirẹ̀ gbà á, ìdí tó sì fi rọrùn ni pé ó ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tó fi hàn pé kíláàsì Microbiology ti kún, ó fi mọ́ ìwé náà.

Apá mẹ́rin ló wà nínú fọ́ọ̀mù yìí, ẹni tó sì máa gbé e láti tábìlì dé tábìlì ni akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Òun ló kọ apá kìíní: orúkọ, nọ́ńbà rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì, kọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe, ọjọ́ tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé tó fún kọ́lẹ́ẹ̀jì láṣẹ láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún yunifásítì. Olùdámọ̀ràn rẹ̀ ní yunifásítì ló ń kọ apá kejì, pé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá ti ibẹ̀ mu, ó sì wà lára ohun tó nílò fún oyè. Ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń kọ apá kẹta: iye kírẹ́dìtì, iye owó, àti pé àwọn kò ní sanwó ìrànwọ́. Ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ yunifásítì ló ń fọwọ́ sí apá kẹrin gbẹ̀yìn.

Apá kejì ló pa á lára. Kọ́ọ̀sì méjì ló kọ síwájú olùdámọ̀ràn: BIOL 2420 àti ARTS 1301, kọ́ọ̀sì iṣẹ́ ọnà kan tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó rọrùn. Olùdámọ̀ràn ṣí ètò oyè rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó rí i pé ó ti ṣe orin ní ọdún kìíní, àyè tí ìpínlẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọnà ti kún. ARTS 1301 á wọlé gẹ́gẹ́ bí kírẹ́dìtì lóòótọ́, àmọ́ kò ní kún ihò kankan nínú ètò oyè náà. Owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ kì í sanwó kọ́ọ̀sì tí oyè kò nílò, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ níta. Kírẹ́dìtì mẹ́ta yẹn kúrò nínú ìṣirò, ó di mẹ́wàá. Ó wá pààrọ̀ rẹ̀ sí PSYC 2314, ẹ̀kọ́ nípa bí ọmọ ènìyàn ṣe ń dàgbà, tí àwọn ẹ̀ka nọ́ọ̀sì sábà máa ń béèrè. Ó kún padà di 13.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń dá kọ́ọ̀sì yàn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn. Kọ́ọ̀sì tí ilé ẹ̀kọ́ gbà wọlé àti kọ́ọ̀sì tí oyè nílò kì í ṣe ohun kan náà, àárín méjèèjì sì ni owó ti máa ń sọnù jù.

Ìdíwọ́ kékeré kan tún wà tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú owó. Texas ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kò tíì pé ọdún 22 mú ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára meningitis wá, tó ti gbà ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, tí kò sì ju ọdún márùn-ún lọ. Ó ti gbà á kó tó wọ yunifásítì, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló jẹ́ lójú kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọn kò sì jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ títí tó fi fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́. Ẹni tí gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò nílò rẹ̀. Láàbù Microbiology kò ṣeé ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í dúró de ẹnikẹ́ni

Fọ́ọ̀mù ti pé ní ìparí oṣù keje. Ìdílé náà mí kanlẹ̀, wọ́n rò pé yunifásítì á kàn fi owó ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ consortium, orí àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ni gbogbo owó máa ń bọ́ sí. Yunifásítì á mú tirẹ̀ níbẹ̀, á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyókù, akẹ́kọ̀ọ́ á sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ san gbèsè ibi kejì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò mọ Pell rẹ̀ rí. Gbèdéke tirẹ̀ ló mọ̀: 14 oṣù kẹjọ, alẹ́ Thursday, kọ̀ǹpútà á yọ orúkọ ẹni tí kò bá tíì sanwó kúrò nínú kíláàsì, ẹlòmíràn á sì gba àyè rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì kò lè tú owó sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ mẹ́wàá sí ìgbà tí kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 15 oṣù kẹjọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbèdéke ibì kan ti kọjá kí ilẹ̀kùn ibì kejì tó ṣí, ọjọ́ kan péré ló sì wà láàárín wọn.

Èyí tó tún wá le jù ni pé ní 15 oṣù kẹjọ, kírẹ́dìtì mẹ́fà nìkan ni yunifásítì sanwó lé lórí. Ìlànà wọn ni pé kírẹ́dìtì tó wà níta kò ní wọ ìṣirò àfi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá jẹ́rìí pé ọmọ náà ti wà ní kíláàsì lẹ́yìn ọjọ́ ìkànìyàn. Ní Texas, ọjọ́ kejìlá kíláàsì ni ọjọ́ náà fún sẹ̀mẹ́sítà ọlọ́sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ẹ ka àwọn ọjọ́ láti 25 oṣù kẹjọ, ẹ fo Labor Day, ó bọ́ sí 10 oṣù kẹsàn-án.

Bí owó náà ṣe rìn nìyí. Owó yunifásítì fún kírẹ́dìtì mẹ́fà jẹ́ $2,950. Ọmọ náà gba $2,000 péré nínú $6,500 ẹ̀yáwó tí wọ́n fi lọ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tó wà lábẹ́ òbí. A fara mọ́ ìpinnu yẹn dáadáa, torí ẹ̀yáwó tí wọ́n bá fi lọ èèyàn kò di dandan kéèyàn gba gbogbo rẹ̀. Ti sẹ̀mẹ́sítà kan nínú rẹ̀ jẹ́ $1,000, ìjọba sì yọ 1.057% tirẹ̀, ó ku bíi $989. Pell ìdajì $1,849 pẹ̀lú $989 jẹ́ $2,838. Kò tó owó yunifásítì, ó ku $112. Kọ́bọ̀ kan kò kù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Owó kọ́lẹ́ẹ̀jì jẹ́ $910 fún kírẹ́dìtì méje, $130 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ì bá dín sí i ká ní inú agbègbè tó ń san owó orí fún kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni ilé wọn wà. Àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ààlà máa ń san jù. Ìwé àti ohun èlò láàbù tún jẹ́ $150. Ohun tó yọ ọ́ ni ètò ìsanwó díẹ̀díẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní: ìdajì, $455, pẹ̀lú $25 owó ìforúkọsílẹ̀ ètò náà kó tó di 14 oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà $227.50 ní 15 oṣù kẹsàn-án àti $227.50 ní 15 oṣù kẹwàá. Àjọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi san ti àkọ́kọ́ àti ìkejì, àti ìwé. Ẹ fi owó bí $860 sọ́kàn, ìyẹn ni ìdílé gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí Pell tó dé. Ẹni tí kò bá ní in, kó wá ètò ìsanwó díẹ̀díẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, nítorí káàdì banki tó ń gba èlé gọbọi á jẹ èrè kọ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú náà tán.

Ní 12 oṣù kẹsàn-án, yunifásítì gba ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì gbé Pell láti 50% lọ sí 83%. Ìdí tí kò fi jẹ́ 100% ń bọ̀ níwájú. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ $1,220. Wọ́n yọ $112 tó jẹ wọ́n, ó ku $1,108. Tí owó bá ṣẹ́ kù lórí àkáǹtì báyìí, òfin fún ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ 14 láti fi í lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ keje ló wọ banki rẹ̀, torí ó ti fi nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀ lórí pọ́tà. Àwọn tó ń dúró de ṣẹ́ẹ̀kì nínú lẹ́tà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ lágbedeméjì

PSYC 2314 tó mú jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìdajì kejì sẹ̀mẹ́sítà ló sì bọ́ sí. 20 oṣù kẹwàá ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní oṣù kẹsàn-án, kíláàsì náà kò tíì sí, nítorí náà mẹ́wàá ni kírẹ́dìtì tó wà nílẹ̀. Pell kì í dúró fún kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá jókòó sí rí. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan á san gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn á sì gbà á padà tí ọmọ kò bá yọjú. Tirẹ̀ yàn láti dúró. Lẹ́yìn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kejì, $629 tó kù wọlé nínú oṣù kọkànlá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Wọ́n á kọ "Fall 2025", ìyẹn orúkọ sẹ̀mẹ́sítà náà, lásán. Ọ́fíìsì á wá béèrè ẹ̀rí fún kírẹ́dìtì méje ní oṣù kẹsàn-án, kọ́lẹ́ẹ̀jì á dáhùn pé mẹ́rin ló ń ṣe, fọ́ọ̀mù á padà sẹ́yìn, owó Microbiology tó tọ́ sí i náà á sì dúró pẹ̀lú rẹ̀.

Tó bá fi kíláàsì sílẹ̀ ńkọ́?

Ó rò ó ní oṣù kọkànlá láti yọ PSYC 2314 kúrò. Ìṣirò ló dá a dúró. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń san owó gbọ́dọ̀ máa wò ó bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ síwájú, ọ̀pọ̀ ló sì ń béèrè pé kó yege nínú 67% gbogbo kírẹ́dìtì tó bẹ̀rẹ̀. Kírẹ́dìtì ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ni wọ́n á kà. Tó bá yọ PSYC nìkan, mẹ́wàá nínú 13 ló kù, 77%, kò burú. Tó bá jẹ́ Microbiology, mẹ́sàn-án nínú 13 jẹ́ 69%, ó ku díẹ̀ kó jábọ́. Tó bá fi méjèèjì sílẹ̀, 46% ni. Bí gbogbo kírẹ́dìtì tó ti ṣe ṣáájú kò bá pọ̀ tó láti gbé àpapọ̀ rẹ̀ ró, ìkìlọ̀ ló máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà owó á dúró.

Texas tún ní òfin tirẹ̀: ẹni tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba láti Fall 2007 kò gbọ́dọ̀ fi kọ́ọ̀sì tó ju mẹ́fà lọ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń ka ìwé oyè àkọ́kọ́. Èyí tó bá fi sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wà nínú mẹ́fà yẹn. Ó parí kíláàsì náà.

Tó bá jẹ́ pé ó kúrò nínú gbogbo kọ́ọ̀sì níbi méjèèjì kí 60% sẹ̀mẹ́sítà tó pé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Yunifásítì á ṣírò iye owó tí àkókò tó ti lò ní kíláàsì kò tíì sọ di tirẹ̀, wọn á dá a padà fún ìjọba, apá kan sì lè di gbèsè sí ọmọ lọ́rùn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní tirẹ̀ kò ní dá kọ́bọ̀ padà ju ohun tí ìlànà ìdápadà-owó tirẹ̀ bá sọ.

Owó ìpínlẹ̀ kò sí nínú gbogbo èyí. TEXAS Grant, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè kírẹ́dìtì tó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò kíkún, ohun tí ìwé ìjọba àpapọ̀ bá sì gbà kò di dandan fún un. Ẹni tó bá ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, kó béèrè ìbéèrè yẹn lọ́tọ̀, kó sì jẹ́ kí wọ́n fi ímeèlì dáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí físà F-1 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí Pell tàbí Direct Loan rárá; ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè kó tó ya sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ni àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé ẹ̀kọ́ tó fún un ní I-20, ìyẹn ìwé tó fi gba físà náà.

Oṣù kejìlá: tránsíkíríìtì

Èsì jáde: B nínú Microbiology, A nínú PSYC. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń dáwọ́ dúró síbẹ̀, wọ́n á rò pé níwọ̀n bí ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ti fọwọ́ sí ìwé, èsì á lọ fúnra rẹ̀. Kì í lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ló gbọ́dọ̀ ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi tránsíkíríìtì ránṣẹ́, kó sì dúró kí èsì wọ inú rẹ̀ kó tó tẹ ìbéèrè náà, torí bó bá yá ọwọ́ jù, tránsíkíríìtì tó ń fi hàn pé kíláàsì ṣì ń lọ ni yunifásítì máa gbà. Tí tránsíkíríìtì kò bá dé, kírẹ́dìtì méje á dà bí èyí tó bẹ̀rẹ̀ tí kò parí nínú ìṣirò 67%, owó sẹ̀mẹ́sítà tuntun á sì dúró títí yóò fi dé. Gbèsè díẹ̀ lásán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ì báà jẹ́ owó ìwé ilé ìkàwé tó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lè mú kí wọ́n kọ̀ láti fi í ránṣẹ́.

Kírẹ́dìtì méje náà wọlé. Lẹ́tà B àti A kò wọ inú GPA rẹ̀ ní yunifásítì, nítorí ibẹ̀ kì í ka èsì ilé ẹ̀kọ́ míì mọ́ tiwọn. Ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ á kà wọ́n nígbà tó bá ń wo àwọn kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ ṣe ṣáájú. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù 1098-T, ìwé owó orí tó ń sọ owó ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ san, máa wá láti ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ní oṣù kìíní, ẹni tó bá sì ń bá àwọn òbí rẹ̀ ṣe ìwé owó orí gbọ́dọ̀ rí méjèèjì. Pell tó gbà á hàn lórí ti yunifásítì nìkan, bẹ́ẹ̀ ni $910 tó san hàn lórí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Fún sẹ̀mẹ́sítà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026, ó tún fẹ́ ṣe kọ́ọ̀sì kan níbẹ̀. Ìwé consortium ti oṣù kẹjọ kò bo ìyẹn mọ́. Fọ́ọ̀mù tuntun ló gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì, lọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn.